Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Fóòmù àti Aṣọ Àga Tábìlì Oúnjẹ Nílé

Àga tábìlì oúnjẹ tí ìjókòó rẹ̀ ti jìn bí abọ́, tí lẹ́dà orí rẹ̀ sì ń bó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò tíì yẹ kó dé ààtàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, igi rẹ̀ ṣì le koko. Fóòmù àti aṣọ ló ti tán, ẹni tó bá sì ráyè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè pààrọ̀ méjèèjì fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn máa ń sáré ra aṣọ tó rẹwà, wọ́n á sì fi bo fóòmù tó ti kú. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, aṣọ tuntun náà á ti hunjọ láàárín, á sì tú létí. Abẹ́ aṣọ ni iṣẹ́ wà. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí pákó àti fóòmù kí a tó dé orí aṣọ.

Irú àga tí à ń sọ ni èyí tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi síkúrù dè láti abẹ́, tàbí tí wọ́n kàn gbé sínú férémù. Àga ńlá tó ní sípíríìnì nínú jẹ́ iṣẹ́ mìíràn.

Títú ìjókòó kúrò

Ẹ dojú àga délẹ̀ lórí ẹní tàbí aṣọ kí igi má baà họ. Bí ẹ bá rí síkúrù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tú wọn. Bí kò bá sí síkúrù kankan, ẹ fi ọwọ́ ti ìjókòó láti ìsàlẹ̀, yóò gbéra. Kí ẹ tó gbé ìjókòó kejì, ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sí abẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín àti sí inú férémù tó ni ín: 1 sí 1, 2 sí 2. Ẹ tún ya ọfà tó kọjú sí iwájú àga. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ káfíńtà fi ń gbẹ́ ihò síkúrù, ihò àga kan kì í sábà bá ti èkejì mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n kan gbogbo wọn. Ẹni tó bá da ìjókòó mẹ́fà pọ̀ láìkọ nọ́ńbà yóò fi wákàtí kan gbáko wá èyí tó bá èyí mu. Ẹ kó síkúrù àga kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kékeré pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Yíyọ pínnì àtijọ́, ìyẹn irin kéékèèké tí wọ́n fi mú aṣọ mọ́ pákó, ló ń gba àsìkò jù. Ìjókòó kan lè ní ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ ti ẹnu síkúrùdíráfà pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀yìn pínnì, ẹ yí i sókè díẹ̀, kí ẹ wá fi páláyà fà á yọ. Ẹ wọ bàtà, ẹ sì fi awò bo ojú, torí pínnì máa ń ta. Èyí tó bá kán sínú igi, ẹ fi òòlù kàn án wọlé, ẹ má jà á. Tí ẹ bá parí, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì gbá ilẹ̀ kí ọmọdé tó kọjá níbẹ̀.

Ẹ yọ aṣọ àtijọ́ ní odindi, ẹ má ya á, torí yóò fi bí wọ́n ṣe ká igun hàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í wọn aṣọ tuntun, ó ti nà. Bí ẹ bá bá aṣọ méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Aṣọ tó ti pọ̀ jù létí ìjókòó tí a gbé sínú férémù máa ń ti férémù náà síta, títí oríkèé igi àga á fi là.

Nígbà tí pákó bá wà ní ìhòòhò, ẹ yẹ etí rẹ̀ àti àpá pínnì wò dáadáa fún ìdun, pàápàá bó bá jẹ́ àga tokunbo tàbí èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà láti inú ihò tíntìntín, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀, ẹ sun pákó náà nù kí ẹ gé òmíràn. Fóòmù àtijọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó, kí ẹ sì gbé e jáde nínú ilé lójú ẹsẹ̀.

Pákó

Ẹ gbé rúlà tó gùn lé orí pákó ní ìdábùú. Bí àárín rẹ̀ bá ti rọ̀ ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ, tàbí tó ti sán, fóòmù tó dára jù lọ kò lè gbà á. Ẹ fi ti àtijọ́ wọn tuntun lórí pákó plywood oní-mìlímítà 12, ìyẹn bí ìdajì íǹṣì. Èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀ kò yẹ: omi díẹ̀ ló ń mú un wú, pínnì kì í sì í dúró nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi sáńpépà pa etí òkè pákó náà títí tí kò fi ní mú mọ́, torí etí tó mú ni ó ń gé aṣọ láti inú.

Bó bá jẹ́ lẹ́dà ni ẹ fẹ́ lò, ẹ fi dírílì lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì sí àárín pákó. Lẹ́dà kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Nígbà tí èèyàn bá jókòó, atẹ́gùn inú fóòmù ń wá ọ̀nà àbájáde, bí kò bá rí i, yóò máa ti ojú rírán àti ìdí pínnì títí yóò fi ya wọ́n. Ẹ máa rí àga lẹ́dà tó ń mí hẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ihò yìí náà ni.

Àwọn àga kan kò ní pákó rárá, férémù onígi mẹ́rin ni, tí wọ́n fi bẹ́líìtì hun ní àárín. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Bẹ́líìtì onírọ́bà tó fẹ̀ tó íǹṣì 2 ni kí ẹ lò, kí àlàfo àárín méjì má ju íǹṣì 2 lọ. Ẹ kan orí kan mọ́ igi, ẹ sàmì sí ibi tó dé ní òdìkejì láìfà á, kí ẹ wá fà á kọjá àmì yẹn ní ìdámẹ́wàá gígùn rẹ̀: íǹṣì kan àti ààbọ̀ fún bẹ́líìtì oní-íǹṣì 15. Ẹ hun ti ìdábùú sínú ti òòró, lókè, nísàlẹ̀, bí ìgbà tí à ń hun ẹní.

Fóòmù

Ọ̀bẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí owó bá kéré, ẹ dín in kù lára aṣọ, ẹ má dín in kù lára fóòmù. Nípọn íǹṣì 2 ló dára fún àga ìjẹun. Èyí tó bá ju íǹṣì 3 lọ yóò gbé èèyàn ga jù fún tábìlì, itan á sì máa kan igi tábìlì lábẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi líle tàn yín. Líle yàtọ̀ sí ìwúwo. Fóòmù lè le lónìí kó sì kú láàárín ọdún kan, torí atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀ ju fóòmù lọ. Ìwúwo ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó, èyí tó sì yẹ ìjókòó bẹ̀rẹ̀ láti kílógíráàmù 30 fún fóòmù tó jẹ́ mítà kan ní òòró, ní ìbú àti ní gíga lọ sókè. Ẹ lè fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wò ó: ègé tó jẹ́ íǹṣì 18 àti ààbọ̀ ní òòró àti ní ìbú, tó sì nípọn íǹṣì 2, kò yẹ kó fúyẹ́ ju gíráàmù 330 lọ. Bó bá jẹ́ gíráàmù 200, fóòmù ìrọ̀rí ni wọ́n tà fún yín.

Fún ìjókòó oní-íǹṣì 18, fóòmù ẹsẹ̀ bàtà 6 ní 4 yóò gba mẹ́fà. Ẹ gbé pákó lé fóòmù, ẹ fi máákà yí i po, àmọ́ kí ẹ gé e kọjá ìlà náà ní ìdámẹ́rin íǹṣì yípo. Aṣọ yóò fún àfikún yẹn pọ̀, etí ìjókòó á sì kún dáadáa. Bí ẹ bá gé e ṣe rẹ́gí pẹ̀lú pákó, aṣọ á fa fóòmù sẹ́yìn, ọwọ́ yín á sì máa kan etí igi. Ọ̀bẹ eléyín tí a fi ń gé búrẹ́dì ló dára jù. Ẹ fà á gùn, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Fóòmù tí ẹ bá tẹ̀ nígbà tí ẹ ń gé e yóò jáde ní dídagun.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àárín ìjókòó yọ díẹ̀ bíi ti àga tuntun, ẹ kọ́kọ́ lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nípọn ìdajì íǹṣì mọ́ àárín pákó, kí ó fi íǹṣì 3 jìnnà sí etí níbi gbogbo. Ti íǹṣì 2 yóò wá bò ó mọ́lẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi pa ojú pákó àti ìdí fóòmù, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí tí kò fi ní fà mọ́ ìka, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀ nígbà tó ṣì tutù, yóò máa yọ̀. Ẹ ṣe é ní gbangba tàbí níbi tí fèrèsé ti ṣí, kí sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà, torí ooru gọ́ọ̀mù yìí ń gbiná. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kan ojú òkè fóòmù rárá, yóò le bí èèpá, ẹni tó bá jókòó á sì mọ̀ ọ́n lára.

Lórí fóòmù, ẹ tẹ́ fáíbà pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń lò fún bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Òun ni kì í jẹ́ kí aṣọ máa gbo fóòmù, ó sì ń bo gbogbo ibi tí ọ̀bẹ bá ti ṣe ségesège. Kí ó dúró sí etí pákó, kí ó má wọ abẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tẹ́rù funfun bò ó, ẹ yin pínnì mọ́ ọn lábẹ́ ní íǹṣì méjì-méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo tẹ́rù yìí. Ẹ má fò ó: lórí rẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́ fífà, òun ni yóò fún fóòmù sí ìrísí, aṣọ òkè rẹ̀ kò sì ní ṣe wàhálà mọ́.

Aṣọ wo ló yẹ?

Aṣọ tí wọ́n dìídì hun fún àga ló dára jù, íǹṣì 54 ni fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Àrán náà dára, ó sì tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ó ní ojú tó ń sùn sí. Ẹ fi ọwọ́ pa á lọ pa á bọ̀: ọ̀nà kan yóò dán, èkejì yóò ṣókùnkùn. Ọ̀nà tó dán gbọ́dọ̀ máa lọ láti ẹ̀yìn ìjókòó sí iwájú lórí gbogbo àga. Bí ọ̀kan bá yí, ẹni tó bá wọ yàrá yóò rò pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù.

Lẹ́dà olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà ni ó ń bó lára àga bí awọ ejò. Aṣọ ni ìdí rẹ̀, wọ́n wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kun ojú rẹ̀. Ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti òógùn èèyàn ló ń tú rọ́bà náà ká, ilẹ̀ wa kò sì ṣaláìní mẹ́ta yìí. Kò sí ìpara tó lè dá a dúró tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́dà ni ọkàn yín fẹ́, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ wò, kí ojú rẹ̀ nípọn, kí ó sì máa nà díẹ̀ láìsán.

Àǹkárá rẹwà lórí àga, ó sì fúyẹ́. Láìsí tẹ́rù lábẹ́, kì í pẹ́ tó fi ń ya. Ní ti àdìrẹ aláró, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù fọwọ́ ra á gidigidi kí ẹ tó rà á. Bí aró bá jáde sára funfun, yóò jáde sára agbádá àlejò yín náà. Aṣọ òfì, ojú rírán tó so àwọn ègé tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú nígbà tí ẹ bá ń fà á, torí náà ẹ fi ayọ́ọ̀nù lẹ sítéè, aṣọ onígọ́ọ̀mù tí àwọn télọ̀ ń lò, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e.

Fún ẹni tó ń ṣe é ní Ìlú Ọba: òfin ọdún 1988 lórí iná àti àga ní ìwọ̀n tí fóòmù àti aṣọ gbọ́dọ̀ kọ iná dé. Bí ẹ bá máa ta àga náà tàbí tí ẹ ń ṣe é fún oníbàárà, ẹ ra fóòmù àti aṣọ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó bá òfin náà mu.

Wíwọn aṣọ

Ẹ mú fífẹ̀ pákó, ẹ fi nípọn pákó, nípọn fóòmù àti etí tó máa wọ abẹ́ kún un lẹ́ẹ̀méjì. Fún pákó oní-íǹṣì 18 tó nípọn ìdajì íǹṣì, fóòmù íǹṣì 2, àti etí íǹṣì 2 lábẹ́, yóò jẹ́ íǹṣì 27. Ibí ni owó ti ń ṣòfò: 27 lọ́nà méjì jẹ́ 54 gẹ́lẹ́, etí aṣọ fúnra rẹ̀ kò sì ṣeé lò, nítorí náà ìjókòó kan ṣoṣo ni ìbú aṣọ yóò gbà. Àga mẹ́fà á wá gba yáàdì 4 àti ààbọ̀. Ẹ dín etí abẹ́ kù sí íǹṣì kan àti ààbọ̀, yóò di 26, méjì yóò dúró ní ìbú, àga mẹ́fà á sì parí sínú íǹṣì 78. Yáàdì 2 àti ààbọ̀ tó. Fóòmù máa ń rọ̀ nígbà tí ẹ bá fà á, èyí yóò sì tún fún ọwọ́ yín ní ohun tó máa dì mú. Àǹkárá kò fẹ̀ tó aṣọ àga, ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbà ní ìbú, ṣùgbọ́n yáàdì 6 kan yóò gba mẹ́fà, yóò sì ṣẹ́kù.

Bí aṣọ bá ní àwòrán ńlá, ìṣirò yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwòrán gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹ ra ìdá kan nínú mẹ́ta sí i. Bí ẹ bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan tán, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sàmì sí àárín etí pákó náà.

Fífà

Gọ́ọ̀nù pínnì tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ tó fún plywood. Pínnì oní-mìlímítà 8 ni kí ẹ lò. Èyí tó gùn tó mìlímítà 14 yóò gba pákó kọjá bọ́ sínú fóòmù. Fún férémù ìrókò tàbí igi líle mìíràn, ọwọ́ gọ́ọ̀nù yẹn kì í ká a, ìṣó kéékèèké àwọn oníbàtà ni yóò wọlé. Ìjókòó kan yóò jẹ bí pínnì 150 láti tẹ́rù dé aṣọ abẹ́, nítorí náà páálí 1,000 kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù fún àga mẹ́fà. Ẹ ra méjì.

Ẹ dojú aṣọ délẹ̀ lórí tábìlì, ẹ gbé ìjókòó lé e, fóòmù nísàlẹ̀, kí àmì àárín bá àmì àárín. Ẹ yin pínnì mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn. Ẹ yí i, ẹ fi apá tẹ pákó mọ́lẹ̀, ẹ fa ti iwájú, pínnì mẹ́ta. Ọ̀tún, mẹ́ta. Òsì, mẹ́ta. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ yí ìjókòó sójú, ẹ wo ìlà òwú aṣọ, ẹ wo àwòrán, ẹ fi ọwọ́ pa á. Pínnì méjìlá rọrùn láti yọ, àádọ́rin kò rọrùn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ẹ máa lọ láti àárín sí igun, pínnì kan ní íǹṣì kan-kan, iwájú díẹ̀, ẹ̀yìn díẹ̀, ẹ má parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Ẹ dúró nígbà tó bá ku íǹṣì 3 sí igun. Àtẹ́lẹwọ́ ni ẹ ó fi fà á, kì í ṣe orí ìka. Aṣọ tí a fi ìka kan fà máa ń jìn sí ojú pínnì kọ̀ọ̀kan, etí ìjókòó á wá rí gbágungbàgun. Bí ẹ bá fi ọwọ́ gbá ojú ìjókòó tí aṣọ sì ń ru níwájú ọwọ́ yín, ó rọ̀ jù. Bí etí fóòmù bá ti di bọ́ọ̀lù, ó le jù. Bí aṣọ bá hunjọ ní dídagun láti igun kan sí ìkejì, ọ̀nà kan ni ẹ fà ju ìkejì lọ: ẹ yọ pínnì tó wà ní orí méjèèjì ìhunjọ náà nìkan.

Lẹ́dà, ẹ tẹ́ ẹ sójú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó rọ̀ kí ẹ tó fà á. Ihò pínnì lára lẹ́dà kì í pa dé, nítorí náà ẹ má dán ohunkóhun wò níbi tí ojú yóò ti rí i.

Igun

Igun ni a fi ń mọ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ di orí igun aṣọ gan-an mú, ẹ fà á wọ inú sí àárín pákó, ẹ yin pínnì méjì mọ́ ọn. Yóò ku etí méjì tó ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Bí igun pákó bá rí roboto, ẹ ká etí kọ̀ọ̀kan ní ìkápọ̀ kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n dọ́gba, kí gbogbo wọn sì parí sábẹ́ láìyọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí igun bá mú, ìkápọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ àga, kó má kọjú síwájú. Aṣọ tó bá pọ̀ jù nínú ìkápọ̀, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ ibi tí ó ti ṣẹ́ ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ. Ẹ ṣe igun iwájú méjèèjì gbẹ̀yìn, nígbà tí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn lára ti ẹ̀yìn.

Dídè é padà

Ẹ gé aṣọ tó kọjá pínnì kù sí ìdajì íǹṣì. Ẹ fi aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ kan bo abẹ́ láti fi pa ojú iṣẹ́ dé, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ wọnú, pínnì ní íǹṣì méjì-méjì. Kí ẹ tó bò ó, ẹ ki ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí orí wọn máa yọ gba ara aṣọ, kí ẹ má baà máa wá ihò kiri.

Fún ìjókòó tí à ń gbé sínú férémù, àlàfo tó tó ìdámẹ́jọ íǹṣì gbọ́dọ̀ wà yípo kí ẹ tó fi aṣọ bo pákó. Bí aṣọ tuntun bá nípọn ju ti àtijọ́ tí kò sì wọlé, ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ yọ aṣọ ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fá etí pákó kù.

Síkúrù àtijọ́ ni kí ẹ dá padà. Èyí tó gùn jù yóò gba pákó kọjá, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa gún ẹni tó bá jókòó gba inú fóòmù. Bí ihò ti fẹ̀ jù tí síkúrù ń yí lásán, ẹ ki igi ìṣáná méjì tí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà pa sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ tó dè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá ti ń jókòó sórí rẹ̀, ẹ tún dojú àga délẹ̀, kí ẹ fún síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le sí i, torí aṣọ tó wà láàárín pákó àti férémù yóò ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.